Ìyá mi fẹ́ dé Whitby: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú náà, ẹ wá gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Middlesbrough là ń gbé. Ìyá mi wá kí wa láti Igbó-Ọrà, wọ́n wá rí àwòrán Whitby, ìlú etí òkun kan nítòsí wa ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára kàlẹ́ńdà aládùúgbò wa, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ káwọn tó padà sílé. Ọmọ mẹ́ta la máa kó dání, àbíkẹ́yìn ṣì ń jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Orúnkún máa ń dun màmá díẹ̀díẹ̀. Kò wù mí ká kàn jẹ ẹja díndín, ká ya fọ́tò, ká máa bọ̀. Màmá fẹ́ràn ìtàn, kò sí ohun tí wọ́n máa rí tí wọn ò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Báwo la ṣe máa rìn ín? Kí ni mo fẹ́ máa sọ fún wọn?

Adúnní Etí Òkun:
Ẹ kú àlejò màmá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ìlú ṣe tò.

Odò Esk ló ṣàn wá láti orí òkè North York Moors, ó la ìlú sí méjì kó tó já sínú Òkun Àríwá. Òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lọ́tùn-ún, òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lósì, èbúté wà láàárín. Apá ìlà-oòrùn ni ìlú àtijọ́: Church Street, àwọn ọ̀nà tóóró olókùúta, ṣọ́ọ̀ṣì St Mary lórí òkè, àti àwókù Abbey, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àtijọ́, lẹ́yìn rẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ibùdókọ̀, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, àtàwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olùgbafẹ́ wá. Láàárín ìlú, afárá kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀. Ó máa ń yà sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá, ó sì ti lé ní 100 ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti yà, ẹlẹ́sẹ̀ àti onímọ́tò á dúró. Àwọn ọmọ yín máa gbádùn ẹ̀ ju Abbey lọ.

Ohun kan wà tí àlejò kì í tètè fura sí: àríwá ni ìlú yìí kọjú sí. Nínú oṣù kẹfà, tẹ́ ẹ bá dúró lórí West Cliff, òkè apá ìwọ̀-oòrùn, inú òkun loòrùn ti ń yọ, inú òkun náà ló tún ń wọ̀ sí.

Ní ti orúnkún màmá: àtẹ̀gùn 199 ló gùn láti Church Street dé ẹnu ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi dandan mú wọn gùn ún. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lókè nítòsí Abbey, táksí náà á gbé yín débẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sókè, kẹ́ ẹ wá jọ máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n bá lè ṣe é. Ọ̀nà olókùúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ gbà. Ẹ pọn èyí tó kéré.

Tí màmá bá sì bèèrè ìdí tí àwọn ibi pẹrẹsẹ fífẹ̀ tó ní bẹ́ńṣì fi wà láàárín àtẹ̀gùn, ẹ sọ fún wọn pé àwọn tó ń gbé òkú lọ sí itẹ́ lókè ló ń sọ pósí kalẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n á mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e.

Akérò Ojú Irin:
Ọmọ Ìbàràpá, ẹ má wakọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ìlú yẹn lásìkò ìsinmi ilé ìwé, orí á fọ́ yín. Ọkọ̀ ojú irin wà láti Middlesbrough lọ tààrà, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Iye tó ń lọ lójúmọ́ kò pọ̀ rárá, torí náà àkókò tẹ́ ẹ máa padà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe àkókò tẹ́ ẹ máa lọ. Bọ́ọ̀sì X93 náà wà tí èyí bá já yín.

Ìrìn ọkọ̀ náà gan-an ti tó ìgbafẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé Battersby, ọkọ̀ á dúró, awakọ̀ á gbé báàgì rẹ̀, á rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sí ìdí kejì, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ṣe iwájú. Ẹ tètè sọ fún màmá kí wọ́n má rò pé wọ́n ń dá yín padà sílé. Láti ibẹ̀ ẹ máa tẹ̀ lé àfonífojì Esk, ẹ máa sọdá odò yẹn láìmọye ìgbà. Lóṣù kẹjọ, òdòdó heather máa ń sọ orí òkè di elésè-àlùkò.

Láti 1836 ni ojú irin ti dé Whitby láti Pickering. George Stephenson ló fọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ náà. Apá kan rẹ̀ ló di ibi tí ọkọ̀ eléèéfín àtijọ́ ń rìn báyìí láàárín Pickering àti Grosmont, àwọn kan nínú wọn sì máa ń dé Whitby. Owó rẹ̀ wọ́n o.

Òmíràn: ẹ̀yin ará Middlesbrough lẹ ni James Cook, ọ̀gákọ̀ tó rìn káàkiri òkun ayé. Marton tó wà nínú ìlú yín báyìí ni wọ́n ti bí i ní 1728. Ọkọ̀ yín á kọjá ní Great Ayton tó ti kàwé. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi sọ̀ kalẹ̀ ní Whitby, ẹ ti tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Marton! Mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ló wá gbé ọmọ oko dé ìdí ọkọ̀ ojú omi?

Akérò Ojú Irin:
Èédú ni. Ní 1746 ó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ John Walker, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Whitby tó ń kó èédú láti odò Tyne lọ sí London. Ilé ọ̀gá rẹ̀ náà ṣì wà ní Grape Lane, òun ló di ilé ọnà Captain Cook. Ẹ lè gun àjà òkè ilé tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gbé. Wọn kì í ṣí i nígbà òtútù, ẹ yẹ ọjọ́ wò.

Ọkọ̀ èédú Whitby lágbára, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí omi bá fà lábẹ́ rẹ̀, á jókòó sórí yanrìn láìdojúdé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Cook láti lọ sí ibi tí kò sí èbúté. Endeavour tó gbé lọ ní 1768, Whitby ni wọ́n ti kàn án ní 1764, èédú ni wọ́n sì fẹ́ kó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Resolution, Adventure, Discovery, Whitby náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ère Cook wà lórí West Cliff, ó ń wo òkun. Akíkanjú ni lójú àwọn ará ibí, àwọn tó lọ bá lórí ilẹ̀ baba wọn kò rí i bẹ́ẹ̀, Hawaii ni wọ́n sì pa á sí ní 1779. Ẹ sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ.

Díákónì Agbo Ilé:
Ẹ ti ń sọ ti èédú láti àárọ̀, ẹ fi gbòǹgbò ìlú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gun òkè.

Ọba Oswiu ti Northumbria, ìjọba àtijọ́ kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá ṣẹ́gun Penda, ọba tó ń bá a jà, òun á fi ọmọbìnrin òun àti ilẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ Olúwa. Ó ṣẹ́gun ní 655. Ní 657 wọ́n dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn sílẹ̀ lórí òkè yẹn, tọkùnrin tobìnrin ló wà níbẹ̀, obìnrin ló sì ń ṣe olórí gbogbo wọn. Hild lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọba máa ń wá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀, márùn-ún nínú àwọn ọkùnrin tó tọ́ níbẹ̀ ló sì di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń jiyàn bóyá obìnrin lè darí ìjọ, ọdún 657 ni mo sọ o.

Ní 664 ni wọ́n pe àpérò kan síbẹ̀ tó yí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì padà. Ìjà lórí bí wọ́n ṣe ń fi oṣù ojú ọ̀run ṣírò ọjọ́ Àjíǹde ni. Ìlànà tí àwọn ajíhìnrere láti erékùṣù Iona mú wá ni ọba ń tẹ̀ lé, ti Róòmù ni ayaba ń tẹ̀ lé. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, sọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọba ti ń jẹ àsè Àjíǹde nígbà tí ayaba ṣì ń gbààwẹ̀, nínú ààfin kan náà! Bíṣọ́ọ̀bù Colman gbèjà Iona, Wilfrid gbèjà Róòmù. Wilfrid ní Pétérù ni Jésù fún ní kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run. Ọba bi Colman bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Ọba ní ó dáa, òun kò ní bá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ṣọ̀tá, kó má lọ jẹ́ pé òun á dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn á sì kẹ̀yìn sí òun. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí. Hild fúnra rẹ̀, ti Iona ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìdájọ́.

Abu Sumayyah:
Díákónì, ẹ̀yin náà ti jà sí ọ̀rọ̀ oṣù rí! Bí ọ̀rọ̀ oṣù Ramadan ní àdúgbò wa gan-an nìyí, bàbá ń túnu, ìyá ṣì ń gbààwẹ̀.

Mo fẹ́ dá sí ti oúnjẹ. Ọmọ Ìbàràpá, mi ò mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni màmá, ṣùgbọ́n fún gbogbo ẹni tó bá kàn: ọ̀pọ̀ ilé ẹja ní Yorkshire, ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń dín ẹja àti chips, kì í ṣe òróró. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, wọn kì í bínú. Àwọn kan ń lo òróró, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ògiri.

Ọmọ Ìbàràpá:
Mùsùlùmí ni màmá, Alhaji. Ẹ ṣeun púpọ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá màlúù yìí rí láti ìgbà tí mo ti dé.

Adúnní Etí Òkun:
Ẹ mú wọn lọ sí Henrietta Street nígbà náà, kẹ́ ẹ lọ ra kipper. Sáwá ni, sáwá yín ti Igbó-Ọrà. Wọ́n á là á lẹ́yìn, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á gbé e kọ́ sókè èéfín igi. Fortune's ti ń yan tiwọn níbẹ̀ láti 1872. Ilé ìyanja náà kéré, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín lọ́nà. Màmá á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi bébà wé e dáadáa kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ padà, kí àwọn èrò má baà máa wò yín.

Tẹ́ ẹ bá sì ń jẹun níta, ẹ fọwọ́ bo oúnjẹ. Àwọn ẹyẹ òkun ibẹ̀, olè pọ́ńbélé ni wọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wá.

Onímọ̀ Òkúta:
Ẹ kú ìjíròrò. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Èmi ò rò pé ẹ lè lóye Whitby bẹ́ ẹ kò bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìdí òkè.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó ti di àpáta láti nǹkan bí 180 mílíọ̀nù ọdún ló di àwọn òkè yẹn. Inú rẹ̀ ni ammonite pọ̀ sí, ẹ̀dá omi tó ká bí ejò, tó ti di òkúta. Àwọn ará àtijọ́ rí i, wọ́n ní Hild ló gbàdúrà tí gbogbo ejò ìlú fi di òkúta. Nígbà tí àwọn olùrà ń bèèrè ibi tí orí ejò wà, àwọn oníṣòwò ń gbẹ́ orí sí i lọ́wọ́ ara wọn! Àwọn òkúta-ejò mẹ́ta ló wà lára àmì ìlú náà títí dòní.

Igi tó rì sínú ẹrẹ̀ yẹn ló di jet, òkúta dúdú tí ẹ máa rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Church Street. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń fi ṣe ọ̀ṣọ́, àmọ́ nígbà tí ọkọ Queen Victoria kú ní 1861, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ dúdú, gbogbo obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ wọ jet. Ó di iṣẹ́ tó gba èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nílùú kékeré yẹn. Nígbà tí àṣà ọ̀fọ̀ yí padà, iṣẹ́ náà rọlẹ̀.

Tí màmá bá fẹ́ rà, ẹ gbé e sọ́wọ́: jet fúyẹ́, kì í tutù. Gíláàsì dúdú wúwo, ó sì tutù. Ẹ fi ha ẹ̀yìn táìlì tí kò dán: jet á kọ bí àwọ̀ kòkó, èédú á kọ dúdú. Ẹ má ha ọjà ọlọ́jà o, èyí tẹ́ ẹ bá he létí òkun ni mò ń sọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣáá: omi òkun ibẹ̀ máa ń kún dé ìdí òkè. Ẹni tó bá rìn láti èbúté gba abẹ́ East Cliff lọ sí Saltwick Bay, omi lè ká a mọ́. Ẹ wo àkókò tí omi ń kún lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tí omi bá ń fà lọ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má dúró sábẹ́ òkè, ẹ má sì fi òòlù kàn án. Ó ń ya lulẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ti jábọ́ sórí yanrìn ti tó yín he.

Ọmọ Ẹkùn:
Ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ Dracula, afẹ̀jẹ̀mu inú ìwé ìtàn yẹn? Torí ẹ̀ lèmi ṣe lọ!

Bram Stoker tó kọ ìwé náà gbafẹ́ ní Whitby ní 1890, ibi ìkàwé ìlú ló ti rí orúkọ Dracula nínú ìwé kan. Ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Dmitry ti gúnlẹ̀ lójijì sí etíkun Tate Hill nílùú náà ní 1885, òun ló sọ di Demeter nínú ìtàn tó tẹ̀ jáde ní 1897. Láti 1994 ni àwọn Góòtì, àwọn tó fẹ́ràn ìmúra bíi ti inú ìtàn ẹlẹ́rù, ti ń péjọ síbẹ̀, aṣọ dúdú, àtíkè funfun, fìlà gogoro. Ẹ lọ wò wọ́n, wọ́n dára ní fọ́tò.

Díákónì Agbo Ilé:
Ẹ wò ó, ìlú tó bí Caedmon, a wá ń sọ ti afẹ̀jẹ̀mu. Darandaran ni Caedmon lábẹ́ Hild. Níbi àríyá, bí wọ́n bá ti ń gbé háàpù kiri tó kù díẹ̀ kó kàn án, á yọ́ dìde, á lọ sùn ti àwọn màlúù, torí kò mọ orin kankan. Lójú àlá ni ẹnì kan ti ní kó kọrin ìṣẹ̀dá ayé, ó sì kọ ọ́. Orin náà ṣì wà. Òun ni akéwì èdè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tá a mọ orúkọ rẹ̀. Àgbélébùú ìrántí rẹ̀ ló wà lókè àtẹ̀gùn, láti 1898. Ẹ ya fọ́tò ìyẹn.

Ọmọ Ẹkùn:
Ẹ má bínú, bàbá. A máa ya méjèèjì.

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló wó Abbey náà?

Díákónì Agbo Ilé:
Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ará Denmark ló ba ti Hild jẹ́ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Wọ́n tún un dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Henry Kẹjọ tì í pa ní 1539. Atẹ́gùn àti òjò ṣe ìyókù, ilé gogoro àárín rẹ̀ wó ní 1830. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1914, ọkọ̀ ogun Jámánì tún yìnbọn láti ojú òkun, ó bà á. Ẹ máa sanwó ìwọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì St Mary lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: àga onípákó tí wọ́n ṣe bí àpótí, tó ní ilẹ̀kùn.

Adúnní Etí Òkun:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkun, torí àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, òun ni wọ́n máa ń sọ. Láti 1753 ni ọkọ̀ Whitby ti ń lọ pa ẹja àbùùbùtán nínú òkun yìnyín, fún ohun tó lé ní 80 ọdún. Egungun ńlá tó ṣe bí ẹnu ọ̀nà lórí West Cliff, ìrántí rẹ̀ ni. Àwọn ará Alaska ló fi èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ránṣẹ́, 2003 ni wọ́n ṣí i.

Ní oṣù kejì 1861, ìjì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn adóòlà-ẹ̀mí Whitby ń jáde, wọ́n ń wọlé, wọ́n tún ń jáde, títí ọkọ̀ wọn fi dojúdé. Nínú àwọn 13, àwọn 12 kú lójú àwọn ará ìlú tó dúró sétí omi. Henry Freeman nìkan ló yè, òun nìkan ló wọ ẹ̀wù kọ́ọ̀kì tuntun tó ń léfòó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1914, Rohilla, ọkọ̀ ilé ìwòsàn, forí sọ àpáta ní Saltwick, ó lé ní 80 èèyàn tó kú, etílé báyìí. Ilé ọnà àwọn adóòlà-ẹ̀mí wà ní èbúté, ẹ mú àwọn ọmọ wọ̀ ọ́.

Òkun kò sì tíì fi ìlú sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá ní 2012, ilẹ̀ ya lábẹ́ East Cliff, wọ́n wó àwọn ilé kan, egungun òkú sì ń jábọ́ láti itẹ́ St Mary wá sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí okùn ìdènà, ẹ má kọjá rẹ̀.

Àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 13,000, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ilé ní Church Street lóṣù kìíní, iná kì í tàn nínú púpọ̀ wọn, torí ilé ìsinmi ni. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n bí wọn síbẹ̀, wọn kò rílé gbà. Ní 2022 ìlú dìbò pé kí wọ́n máa ta ilé tuntun fún ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ nìkan, ohun tó lé ní 90 nínú 100 ló fara mọ́ ọn. Kò dè ìjọba lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ.

Ọmọ Ìbàràpá:
Mo ti gbà. Ọkọ̀ ojú irin, táksí lọ sókè, Abbey, ká sọ̀ kalẹ̀, Henrietta Street, Grape Lane, afárá, West Cliff. Ṣé ọjọ́ kan á gbà á? Kí la máa wọ̀?

Akérò Ojú Irin:
Ẹ fi West Cliff sílẹ̀ tí ó bá rẹ màmá. Ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Adúnní Etí Òkun:
Súwẹ́tà fún gbogbo yín, kódà tí oòrùn bá ń ràn ní Middlesbrough. Kùrukùru máa ń ti ojú òkun wọlé lójijì nígbà ẹ̀rùn, á bo Abbey pátápátá, nígbà tí oòrùn ṣì ń mú lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Tó bá bò ó, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Grape Lane, ó lè ká kúrò lọ́sàn-án. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn wà nítòsí èbúté, ẹ mú owó ẹyọ dání.